Wọ́n ṣí ẹ̀yìn aago Switzerland, ẹ́ńjìnnì Seiko ni wọ́n bá níbẹ̀: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Fídíò kan ń kiri lórí WhatsApp àwọn ará Ìbàdàn. Ẹnìkan gbé aago ọwọ́ lọ fún àtúnṣe ní Dùgbẹ̀. "Swiss Made" ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú aago náà, àmọ́ nígbà tí wọ́n máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Seiko NH35 ti Japan ló jókòó síbẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ olè ni, àwọn kan ní idán ni. Ìbéèrè ò sì dáwọ́ dúró látìgbà náà.

Ṣé ó ṣeé ṣe lóòótọ́?

Ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe idán.

Kí ló lè mú kí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀?

Owó ni. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó bàjẹ́ lè máà ní páàtì lọ́jà mọ́, NH35 sì wọ́pọ̀, kò wọ́n, ó tún lágbára. Ẹlòmíì kàn fẹ́ràn ilé aago náà ni, ìyẹn irin tó yí ẹ́ńjìnnì ká, ó fẹ́ fi ojú tuntun sí i.

Ṣé á kàn wọlé wẹ́rẹ́ ni?

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká mú ETA 2824-2, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì Switzerland tó wọ́pọ̀. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 25.6, ó nípọn tó 4.6. NH35 fẹ̀ tó 27.4, ó nípọn tó 5.32. Ilé tí wọ́n gbẹ́ fún ti àkọ́kọ́ kò lè gba ìkejì àyàfi tí wọ́n bá gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò yíká, ní mìlímítà 0.9. Ìyẹn lè dà bíi kékeré létí, àmọ́ ògiri ilé aago ò nípọn púpọ̀, ibẹ̀ náà sì ni rọ́bà tó ń dènà omi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí irin ni. Ẹni tó bá fi fáìlì ọwọ́ ṣe é, ihò náà á rí bí ẹyin. Tí kò bá sì kọ́kọ́ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò, eruku irin á wọnú rẹ̀, owó méjì ló ná yẹn.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ aago mọ́ ẹ́ńjìnnì tún wà níbẹ̀. Tí ihò ara ilé àti ihò ara ẹ́ńjìnnì ò bá ṣe déédéé, ọ̀pá á wọ́, lọ́jọ́ kan á kán sínú. Òrùka ike ni wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì dúró síbi tó yẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá kéré ju ilé lọ, òrùka náà ló ń dì í mú, ìyẹn sì rọrùn gan-an. Irin tí wọ́n bá ti gbẹ́ kúrò ni kò ṣeé dá padà.

Ojú aago ńkọ́?

Ó ní ẹsẹ̀ kékeré méjì lẹ́yìn, tó ń wọ ihò méjì lára ẹ́ńjìnnì. Ihò ti ETA kò sí níbi tí ti Seiko wà. Àwọn kan á gé ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń dúró, títí dọjọ́ tí ẹ bá gbá ọwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ọwọ́ aago pàápàá ní ìwọ̀n tiwọn: ihò ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá ETA jẹ́ mìlímítà 0.25, ti NH35 sì jẹ́ 0.20. Ẹ gbé ti ETA lé NH35, á máa já bọ́.

Ṣé ayédèrú ni?

Ẹ má ṣi èyí gbọ́. Seiko fúnra rẹ̀ ló ń ta NH35 fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ẹ lè bá a nínú aago tí kì í jẹ́ Seiko, kí aago náà sì jẹ́ ojúlówó. Ohun tí wọ́n kọ sójú ni ìjà wà. Lábẹ́ òfin Switzerland, láti ọdún 2017, aago tó bá ń pe ara rẹ̀ ní "Swiss Made" gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì ibẹ̀, kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 owó tí wọ́n ná lórí ṣíṣe é sì jẹ́ ti ibẹ̀. Ojú aago inú fídíò yẹn ń parọ́. Bí ẹni tó ni ín bá mọ̀, tó fara mọ́ ọn, aago rẹ̀ ni. Ẹni tó bá tà á láìsọ fún ẹni tó ń rà, jìbìtì ló lù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó rà á?

Ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn. Tí òǹtajà bá ní kò ṣeé ṣí, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ṣé mo lè fi wẹ̀?

Rárá.

Aago bàbá mi àgbà ńkọ́? Mo fẹ́ pààrọ̀ ojú rẹ̀.

Ẹ rọra. Ojú aago àtijọ́ tí wọ́n kùn kó lè máa tàn lóru, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1960, lè ní radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ó lè má tàn mọ́, àmọ́ radium ṣì wà níbẹ̀: ó ń tó nǹkan bí ọdún 1,600 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Eruku rẹ̀ ló léwu jù, tí èèyàn bá fà á símú tàbí gbé e mì. Ẹ má ha á, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe kó tó ṣí i.

Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì bátìrì sí tèmi. Ṣé ewu kan wà?

Kò sí lára aago. Bátìrì bíńtín tí ẹ bá yọ sórí tábìlì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Tí ọmọdé bá gbé bátìrì báyìí mì, tó sì há sọ́nà ọ̀fun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má dúró pé ó máa yà á jáde. UCH tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀.