Ẹ Fọ Iyọ̀ Kúrò Lára Èèpo Àgbọn Kí Ẹ Tó Kó O Sínú Ọgbà

Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀fọ́ sórí iyanrìn Àgbádárìgì mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Omi tí a bù rin ún láàárọ̀ á ti ṣàn wọlẹ̀ lọ kó tó di ọ̀sán, ajílẹ̀ tí a fowó rà á sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó lè dá omi yẹn dúró ni àwọn tó ń ta àgbọn ń dáná sun.

Okùn líle àti ìyẹ̀fun rúsúrúsú ló wà nínú èèpo àgbọn, ìyẹ̀fun yẹn la fẹ́. Ní Kérálà ní Íńdíà, àti ní Siri Láńkà, níbi tí wọ́n ti ń fi okùn rẹ̀ hun ẹní, òkìtì ìdọ̀tí ni ìyẹ̀fun náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń tà á fún gbogbo ayé. Òun ni kókópíìtì. Ó lè gba omi tó ìlọ́po mẹ́jọ ìwọ̀n ara rẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò.

Ṣùgbọ́n etíkun ni àgbọn ti ń hù, iyọ̀ sì wà lára èèpo rẹ̀. Àwọn mìíràn tún máa ń rẹ èèpo sínú omi oníyọ̀ kí okùn lè yọ. Ẹ gún èèpo gbígbẹ, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì rẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi òjò mọ́jú. Ẹ da omi náà nù, ẹ bu òmíràn sí i, títí omi rẹ̀ ò fi ní pọ́n bíi tíì mọ́. Torí pé àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹ kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà díẹ̀ sínú rẹ̀. Bí etí ewé rẹ̀ bá ń jó, ẹ tún un fọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní ajílẹ̀. Náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, kéré púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ rà sì lè gba ti inú ilẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ewé á wá pọ́n. Fún irúgbìn ata tàbí tòmátò, korobá kan ìyẹ̀fun yìí sí korobá kan ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa pẹ̀lú koríko ni mo fara mọ́. Lórí ẹbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ kó nípọn tó ìka méjì, ẹ da ajílẹ̀ lé e, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ òkè.

Ilẹ̀ àkùrọ̀ kò nílò rẹ̀ lásìkò òjò. Omi tibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò gbọdọ̀ náwó ọkọ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tí koríko gbígbẹ wà nítòsí.

Ẹni tí kò ráyè gún un lè to odindi èèpo sínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, bí wọ́n ti ń ṣe ní Íńdíà, kó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.