Kàlòkàlò orí fóònù ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́ pé aago mélòó ni kàlòkàlò máa ń sanwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló bi mí. Bọ̀dá kan tiẹ̀ fi àwòrán ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, 7 méjì ti jókòó, ẹ̀kẹta kù díẹ̀ kó bọ́ síbẹ̀, ó ti ń gbóná nìyẹn àbí?" Kò gbóná, kò sì tutù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni pé kí n yẹ géèmù wò kí wọ́n tó gbé e síta, màá ní kí kọ̀ǹpútà máa ta géèmù kan ṣoṣo títí á fi ta á ní àìmọye mílíọ̀nù ìgbà, mi ò tíì rí èyí tó ń wo aago. Nọ́ńbà ló ń yọ nínú kọ̀ǹpútà géèmù, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ bóyá ẹ jẹ tàbí ẹ ò jẹ.

Ti "kù díẹ̀" yẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Ọdún 1984 ni ọ̀gbẹ́ni kan, Inge Telnaes, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn ní Amẹ́ríkà: nọ́ńbà máa ń yọ nínú kọ̀ǹpútà kí àwòrán tó dúró, àwòrán tó ń yí lójú yín kàn ń jíṣẹ́ ni. Ẹ má bá ìránṣẹ́ jà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi mí lẹ ò bi mí, ìyẹn RTP (return to player), iye tí géèmù ń dá padà fún àwọn tó ń ta á nínú 100. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, àmì kékeré kan máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà i tàbí àmì ìbéèrè. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa fà á lọ sísàlẹ̀, ẹ kọjá àwòrán èso, ẹ kọjá ìràwọ̀ àti agogo, ibi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Tí wọ́n bá kọ 96, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú gbogbo owó tí gbogbo ayé bá fi ta géèmù yẹn, tó bá pẹ́ dáadáa, 96 nínú 100 ló máa padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ta á. Kì í ṣe pé tẹ́ ẹ bá gbé 100 wá ẹ máa gbé 96 lọ sílé o! Ṣé ẹ rí i, ẹni tó gbé 100 wá kì í ta á lẹ́ẹ̀kan kó dìde, á tún fi 96 tó kù ta, á di 92, á tún fi ìyẹn ta, á di 88 àti díẹ̀, ní ìṣirò tiwa, tó bá yí owó yẹn po lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ìdajì ti lọ. Tó bá jẹ́ 92 ni RTP ẹ̀, bíi ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ti tó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Orúkọ kan, àwòrán kan, orin kan náà, ẹni tó ṣe géèmù lè ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́rin, 96 wà, 94 wà, 92 wà, òmíràn tiẹ̀ wọlẹ̀ dé 88, ilé tẹ́tẹ́ ló máa mú èyí tó wù ú. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbi tó yẹ, kì í ṣe èrú. Ẹ̀yin lẹ lọ kà á níbòmíràn pé 96 ni, tẹ́ ẹ wá jókòó ti àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ wọ ankò. 96, ilé mú 4. 92, ilé mú 8. Ìlọ́po méjì nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé díẹ̀ ni.

Èmi gan-an ti mú ọ̀kan rí. Wọ́n kọ 96 sójú ìwé òfin ẹ̀, mo jẹ́ kó yí mọ́jú, ìgbà tí mo dé láàárọ̀, 94 ló ń wò mí lójú. Àwọn tó ṣe é ní kọ̀ǹpútà mi ló ṣìṣe. Kọ̀ǹpútà tèmi kẹ̀? Mo tún un yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 94, 94, 94. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé fáìlì 94 ni wọ́n gbé sábẹ́ ìwé 96, wọ́n ní àṣìṣe ni. Ó dáa, àṣìṣe ni. Àmọ́ mi ò tíì rí irú àṣìṣe yẹn kó sọ 94 di 96 rí.

Bónọ́ọ̀sì ńkọ́? Wọ́n fún yín ní 100, wọ́n ní kẹ́ ẹ ta á ní ìlọ́po 40 kẹ́ ẹ tó lè gbowó jáde. Ìyẹn 4,000. Tí RTP bá jẹ́ 96, ilé máa mú 4 nínú 100 ti 4,000, 160 nìyẹn. Ẹ fẹ́ pàdánù 160 nítorí ẹ̀bùn 100.

Ní Ìlú Ọba, láti 31 October 2021, géèmù ò gbọ́dọ̀ yí kó parí kí ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 tó pé, kò sì gbọ́dọ̀ kọrin ayọ̀ fún ẹni tó fi 10 ta tó jẹ 4. Torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, 10 lọ, 4 dé, iná ń tàn, ìlù ń dún, wọ́n ní ẹ kú oríire. Oríire 6 tó ti lọ.

Ẹ wá dákẹ́ ná, kí n sọ ti àwọn tó ń ta "àṣírí nọ́ńbà" lórí Telegram. Mo mọ̀tàn ẹnì kan tó mọ nọ́ńbà tó máa yọ lóòótọ́, Ron Harris lorúkọ ẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nevada ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi tèmi ló ń ṣe. Kóòdù inú ẹ̀rọ kàlòkàlò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá lọ ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ti sọ ẹyọ owó sí i ní ètò kan báyìí, á pọ owó jáde. Ní January 1995 ló fi kọ̀ǹpútà ṣírò nọ́ńbà tó máa yọ nínú keno, tẹ́tẹ́ nọ́ńbà tó jọ lọ́tìrì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ fi jẹ 100,000 dọ́là ní Atlantic City, ibẹ̀ lọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ojú ṣì ń ti àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹni tí kóòdù wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn o, ọmọ tí ò rí kóòdù sójú rí ló wá fẹ́ ta á fún yín? Tó bá mọ̀ ọ́n, kí ló ń wá owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín sí?

Gbogbo èyí ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀dá yẹn, ó gbà mí tó wákàtí kan. Ó dúpẹ́ gan-an, ó lọ ṣí ojú ìwé òfin náà, ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: RTP 91. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Àǹtí, tí n bá ta á lóru, ṣé á tó 96?"