Ẹ Kó Yanrìn Yẹn Kúrò Lábẹ́ Aláǹgbá

Láàárín oṣù kan, aláǹgbá òyìnbó mẹ́ta ni wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ èmi dókítà ẹran. Kí àwọn tó gbé wọn wá tó jókòó ni mo ti ń bèèrè ohun tí wọ́n tẹ́ sínú àpótí. Ẹnì kìíní ní yanrìn. Ẹnì kejì ní yanrìn. Ẹnì kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Under G, àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní, "Dókítà, yanrìn náà ni o, ṣebí ẹran aṣálẹ̀ ni."

Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹran tí mò ń wí ni aláǹgbá onírùngbọ̀n tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà láti Èkó báyìí, tí wọ́n ń pè ní bearded dragon. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ wà, ẹbí kan náà sì ni òun àti aláǹgbá olórí pupa tó ń mi orí lórí ògiri ilé wa. Ohun tó ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń fún un lómi, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó lówó láti rà á yẹ kó ti bèèrè. Ilẹ̀ tó ń dùbúlẹ̀ lé ni tèmi.

Tí ẹ bá ju ìrẹ̀ sí i, ahọ́n ló fi ń mú un, ahọ́n náà sì ń lẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ìrẹ̀ á bá ìrẹ̀ wọlé. Tàwọn kékeré inú wọn tiẹ̀ le jù, nítorí kò sí ohun tí wọn kì í fi ahọ́n tọ́ wò. Yanrìn díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Bí ara ẹran náà bá gbóná dáadáa, tí omi sì wà lára rẹ̀, ó lè yà á jáde. Àmọ́ ẹran yìí kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tèmi tiyín. Abẹ́ gílóòbù ló ti ń yá ooru, ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 38 sí 42 ní ìwọ̀n Celsius lórí tẹmómítà kí inú rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tí ara bá tutù, ìfun á dúró. Oúnjẹ á dúró, yanrìn á jókòó, omi á gbẹ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi, iná ilé ta ni kì í lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Wọ́n á mú un lọ́sàn-án, ó lè di òru kó tó dé, ó sì lè má dé. Ẹ tún wá fi ọyẹ́ kún un, nígbà tí àwa gan-an ń wọ súwẹ́tà sùn. Ẹni tó ń sin ẹran yìí ní Jámánì, tí iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú, lè fi yanrìn dánra wò kó mú un jẹ. Ẹ̀yin kọ́. Bíi gọ́tà Tákíé nílùú wa níbí ni ìfun rẹ̀ rí. Gọ́tà náà kì í dí lọ́jọ́ kan; òjò kan á kó díẹ̀ wá, òjò kejì á kó díẹ̀ sí i, ọjọ́ tí omi bá wọ ṣọ́ọ̀bù la tó máa ń pariwo pé gọ́tà ti dí.

Ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ yẹn ńkọ́? Àárín Ọsirélíà tí ẹran yìí ti wá kì í ṣe etí òkun Àgbádárìgì. Ilẹ̀ pupa tó ti dì ni, ó le bí àgbàlá tí àwọn ìyá wa ti ń gbá láti ọdún gbọ́nhan, òkúta sì wà níbẹ̀ àti igi tó ń gùn. Orí igi tàbí òpó ọgbà ni wọ́n ti sábà ń bá a tó ń yáàrùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan tó mọ ẹran náà dunjú máa ń po amọ̀ mọ́ yanrìn, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ kó le, wọ́n á wá fi àgbà tára rẹ̀ dá ṣáṣá sórí ẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ìyẹn yàtọ̀ sí yanrìn tẹ́ ẹ bù níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni yanrìn aláwọ̀ mèremère inú ọ̀rá, tí àwọn tó ń tà á ní kálísíọ́mù ni, pé tí ẹran bá gbé e mì, á yọ́. Ẹ bu ṣíbí kan sínú àwo, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ pa dà wá wò ó tó bá yá. Bó ṣe dì nínú àwo yẹn ló ṣe lè dì nínú ìfun.

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ò mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò lo ọdún mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó lè mọ èyí tínú ń run. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo máa fi ìka méjì tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo máa wò ó bóyá ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo máa bèèrè ọjọ́ tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Àmọ́ ẹ kì í kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi.

Aláǹgbá ọmọ Under G yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá ni kò ti yàgbẹ́ kí n tó fojú kàn án. Ọwọ́ mẹ́ta ló ti gbà kọjá. Ìyá onílé ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán, pé ẹran wo ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń ṣàdédé dúdú bí èédú, ló bá wọ́n iyọ̀ yí àpótí ká. Irùngbọ̀n tó dúdú yẹn gan-an ni ẹran náà fi ń ké pé ara ń ni òun! Lẹ́yìn náà ni alágbo àdúgbò fi sìríńjì rọ agbo jẹ̀díjẹ̀dí sí i lẹ́nu. Ẹ gbọ́ o, agbo jẹ̀díjẹ̀dí, fún aláǹgbá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gún adìẹ lábẹ́rẹ́ kiri, tí wọ́n ń pè ní dókítà nítorí pé ó gbé kúlà lọ́wọ́, ló wá fi abẹ́rẹ́ aràn màlúù dé e ládé. Ẹran tí kò tó ìdajì kílò! Mo bèèrè bó ṣe wọn oògùn náà. Wọ́n ní ó fojú díwọ̀n ni.

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, mo rọra wọ́ ikùn rẹ̀, mo rọ òróró díẹ̀ sí i nídìí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, ó ti kú. Mo gbààyè lọ́wọ́ ọmọ náà, mo là á lójú ẹ̀. Ìfun ìsàlẹ̀ ti tóbi tó ọmọńdinrín ọwọ́ mi, ó sì le. Mo fi sísọ́ọ̀sì ṣí i. Ohun tó ń já sínú àwo irin ń dún ṣàrà-ṣàrà bíi gààrí gbígbẹ. Mo fi ìdérí ìgò omi wọ̀n ọ́n: ó kún ìdérí kan, ó tún ṣẹ́ ku ìdajì. Ọmọ náà na ìka kan, ó fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dókítà, ṣé inú ẹ̀ ni gbogbo èyí wà?"

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́. Ẹ ká a ní ìlọ́po mẹ́ta, tó bá yàgbẹ́ sí i, ẹ ká a jù nù. Fún àwọn kékeré, mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ. Fún àgbà, táìsì ilẹ̀ ni, èyí tára rẹ̀ rí háráhárá, kì í ṣe táìsì ògiri tó ń dán tí ẹsẹ̀ ẹran á máa yọ̀ lórí ẹ̀. Àwọn tó ń lẹ táìsì máa fún yín ní àjẹkù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sáà ha etí táìsì náà kó má bàa gé ẹran náà. Táìsì ń gé èékánná ẹran náà kúrú, ó rọrùn láti nù, tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ooru kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ẹní ò dáa, aáyán ló ń kó pamọ́. Kápẹ́ẹ̀tì onírun máa ń fa èékánná yọ. Èérún pákó sọ́míìlì, rárá. Ẹ má sì gbé káńfọ̀ sí tòsí ẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tẹ́ ẹ bá ti dì í mú, nítorí àwọn ẹran yìí máa ń gbé kòkòrò Salmonella kiri.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ọmọ Under G yẹn pè mí. Ó ti ra òmíràn. Mo kí i kú oríire, mo wá bèèrè ohun tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní yanrìn náà ni, àmọ́ pé òun ti sẹ́ èyí, òun sì ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní kó gbé e bọ̀ lọ́la, kó sì ra ìwé ìròyìn bọ̀ lọ́nà.