Ilé Aṣòfin Kẹta: Ìgbìmọ̀ Tí Kò Lò Tó Ọdún Kan

Ìkẹwàá ni wọ́n ń pe ilé aṣòfin àpapọ̀ tó wọlé ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Bí èèyàn bá ń ka ọdún mẹ́rin-mẹ́rin padà sẹ́yìn, ìkẹrin ni ìkà náà máa bá ní 1999, kì í ṣe ìkíní. Ti ayé Tafawa Balewa ni ìkíní, ti ayé Shagari ni ìkejì. Ìkẹta ni àwọn èèyàn máa ń fò dá, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹlẹ̀: ọjọ́ 347 ló lò.

Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ló dá a sílẹ̀. Ní 1989, ó kọ gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó wá forúkọ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá méjì, SDP àti NRC. Lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ di 30 ní 1991, wọ́n fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, Abuja ní ẹyọ kan, àpapọ̀ 91. Ilé Aṣojúṣòfin ní tiẹ̀ ní ìjókòó 593, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi pín in. Ti òde òní kò ju 360 lọ. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1992 ni wọ́n dìbò. SDP gba ìjókòó 52 nílé àgbà àti 314 nílé kejì. NRC gba 37 àti 275.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ààrẹ alágbádá ló yẹ kí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Babangida fagi lé ìdìbò abẹ́lé àwọn olùdíje ààrẹ, ó sì sún ọjọ́ tí yóò gbé ìjọba sílẹ̀ láti oṣù Kìíní sí ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1993. Àwọn aṣòfin ti wọlé ìbò ná, wọn ò ṣeé lé padà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 1992 ni wọ́n ṣí ilé fún wọn, Iyorchia Ayu di ààrẹ ilé àgbà, Agunwa Anaekwe di olórí Ilé Aṣojúṣòfin. Ṣùgbọ́n òfin ológun nọ́ńbà 53 ti ọdún náà ti dín agbára wọn kù: àwọn ọ̀rọ̀ tó gbọn-in gbọn-in kò sí níkàáwọ́ wọn. Babangida ló ni iṣu, òun náà ló ni ọ̀bẹ. Lójú tiwa, aṣòfin tí ológun lè fi ìwé kan ṣoṣo yí òfin rẹ̀ padà, olùgbani-nímọ̀ràn lásán ni.

Ìfagilé ìdìbò ààrẹ ti June 12, 1993, èyí tí M.K.O. Abiola borí tí Babangida sì wọ́gi lé, ló tú àṣírí àìlágbára wọn. SDP ló pọ̀ jù nílé méjèèjì, Abiola sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan láti gbà á sílẹ̀. Ayu tó ta ko ìjọba fìdíhẹ ti Ernest Shonekan, tí Babangida fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ ní oṣù Kẹjọ, oṣù Kọkànlá ni àwọn sẹ́nétọ̀ yọ ọ́, wọ́n fi Ameh Ebute rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn kan náà, Adájọ́ Dolapo Akinsanya nílé ẹjọ́ gíga Èkó dá ìjọba fìdíhẹ lẹ́bi. Ìdí rẹ̀ rọrùn: òfin nọ́ńbà 59 ti gba agbára lọ́wọ́ Babangida kó tó fọwọ́ sí nọ́ńbà 61 tó dá ìjọba náà sílẹ̀. Ẹni tí kò sí lórí oyè mọ́ kò lè ṣòfin.

Ìdájọ́ yẹn kò gbé Abiola débi kankan; Sani Abacha ló rí àyè wọlé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ó gbàjọba, ó tú ilé aṣòfin ká, àti ti ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú. Ayu gan-an padà wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Abacha. Ebute àti àwọn sẹ́nétọ̀ mélòó kan, tí Bola Tinubu wà lára wọn, gbìyànjú láti tún jókòó ní 1994. Ìjọba kó wọn, ó sì fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn wọ́n.