Ọkọ̀ onírin àti íntánẹ́ẹ̀tì: etí ló gbọ́dọ̀ wà níta

Ní Limehouse Basin, ìhà ìlà oòrùn London, àwọn ọkọ̀ ojú omi so mọ́lẹ̀ létí omi bí ewúrẹ́ orí ìso. Béèyàn bá dúró sórí òrùlé ọ̀kan nínú wọn, á máa wo àwọn ilé gogoro Canary Wharf lọ́ọ̀ọ́kán, fóònù á sì mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Kó wá sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, kó ti ilẹ̀kùn, kó jókòó sídìí tábìlì. Fídíò tó ń wò á dúró, àmì róbótó yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Bẹ́ẹ̀, kò rìn ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ. Ó ti wọnú irin ni.

Irin ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní narrowboat, irú èyí tó kún Regent's Canal láti Little Venice títí kọjá Hackney. Nísàlẹ̀, irin náà sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10, ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú omi jẹ́ 6, ògiri yàrá àti òrùlé jẹ́ 4. Àpótí irin gígùn tí wọ́n dá fèrèsé lu ni. Ní 1836, nínú ìlú London kan náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday kan yàrá kékeré kan sí Royal Institution, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ó fi wáyà àti irin tó fẹ́lẹ́ bí bébà bò ó yíká, ó fi iná mànàmáná tó le sára rẹ̀ níta, ó wá wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn ohun èlò tó fi ń wá iná. Kò rí nǹkan kan. Ohun tí irin ṣe fún iná ọjọ́ náà ló ń ṣe fún ìgbì rédíò tó ń gbé WhatsApp wá: ó gbà á síra, ó sì dá a padà.

Ẹni tó bá ní fèrèsé ṣáà wà níbẹ̀ kò parọ́. Àmọ́ ìgbì ní gígùn tirẹ̀. Ti 800 MHz, èyí táwọn ilé iṣẹ́ fóònù fẹ́ràn torí pé ó ń rìn jìnnà, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 37. Fèrèsé róbótó ara ọkọ̀ náà kì í sábà fẹ̀ jùyẹn lọ. Ó dà bí ìgbà téèyàn fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì gba ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ: ó lè kọjá, ṣùgbọ́n á fi ara họ ògiri. Ìgbì 2,600 MHz kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, fèrèsé gbà á, àmọ́ òun kì í lè rìn jìnnà tó ti àkọ́kọ́. Èyí tó lè dé kò ráyè wọlé, èyí tó lè wọlé, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́ tó yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, òun ni pé bí àmì Wi-Fi èbúté bá ti kún, íntánẹ́ẹ̀tì ti dé nìyẹn. Bí ohùn òpó, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi èbúté, ṣe ròkè tó létí fóònù nìkan ni àmì yẹn ń sọ. Kò sọ bóyá òpó ń gbọ́ èsì. Kò sì sọ iye èèyàn tó ń bá òpó náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ wo bọ́hólù kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Òfin ibẹ̀ ni pé kí kálukú gbé kẹ́ẹ̀gì kan sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, bó bá kún, kó kúrò fún ẹlòmíì. Bí gbogbo kẹ́ẹ̀gì bá ní ẹnu gbòòrò, wọn ò ní pẹ́. Kí ẹnì kan wá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró dé láìmú àrọ dání: omi ń dà sílẹ̀, ó ń wọlé ní ẹ̀kán ẹ̀kán, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ń wò ó. Ìwọ̀n omi kan náà ló fẹ́ pọn bíi tiwọn, àkókò tó gbà ló yàtọ̀. Bí Wi-Fi ṣe rí gan-an nìyí. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ òpó dáadáa láti inú irin máa ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn kí òpó lè mọ ohun tó ń sọ. Lórí Wi-Fi àtijọ́ tó jáde ní 1999, ó lè fà á títí dé mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó wà lábẹ́ òpó, tó lè lo 11, á dúró dè é. Ọkọ̀ kan tó so mọ́ ìpẹ̀kun èbúté lè tipa bẹ́ẹ̀ fa gbogbo èbúté sẹ́yìn láìmọ̀.

Ní bọ́hólù, àwọn èèyàn ṣì ń rí ara wọn. Nínú Wi-Fi, etí ni kálukú fi ń mọ̀ bóyá àyè ṣófo: ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbọ́, bó bá dákẹ́ rọ́rọ́, á sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ onírin kan bá wá wà láàárín ọkọ̀ méjì, àwọn méjèèjì ò ní gbọ́ ara wọn. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á dà nù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Òpó nìkan ló ń gbọ́ àwọn méjèèjì, ariwo ló sì ń gbọ́. Nídàájí, tí ọ̀pọ̀ ń sùn, Wi-Fi kan náà á máa lọ geerege.

Booster tí wọ́n ń tà fún ilé, ẹ̀rọ tó ń gba Wi-Fi kó tó tún un sọ, kò wo àìsàn yìí sàn. Inú irin ni òun náà wà, ohun tí kò bá gbọ́ dáadáa, kò lè sọ ọ́ dáadáa. Bó bá sì ń lo ojú ọ̀nà kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa pọn kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan: láti ẹnu ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Etí ló yẹ kó wà níta. Áńtẹ́nà orí òrùlé, tó ń gba 4G tàbí 5G, ló sàn jù fún ọkọ̀ tó wà láàárín ìlú, nítorí òpó fóònù kì í fi àwọn èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n máa du ẹnu ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pín àkókò fún kálukú, bí ìyá tó jókòó ti bọ́hólù tó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó náà lè kún lálẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ omi kì í dà nù bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn áńtẹ́nà kan tiẹ̀ ní òòfà nídìí, irin tó ń dí ọ̀nà náà ló wá di ibi tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́.

Wáyà ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. RG58, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà ń tà mọ́ áńtẹ́nà, lè jẹ ìdajì agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín nǹkan bíi mítà mẹ́rin. Ẹni tó gbé áńtẹ́nà gun orí igi gíga, tó wá fa mítà mẹ́wàá irú wáyà bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ti fi ọ̀tún gbà á, ó sì fi òsì sọ ọ́ nù. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, gòkè lọ bá áńtẹ́nà nínú àpótí tí òjò ò lè wọ̀, kí wáyà Ethernet, irú èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, wá máa gbé dátà wálẹ̀, kó sì máa gbé iná gòkè. Wáyà yẹn lè gùn tó mítà 100. Nísàlẹ̀, Wi-Fi kékeré kan á máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá, irin náà á sì wá di ààbò fún un, torí ariwo Wi-Fi àwọn aládùúgbò ò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé.

Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti orí sátẹ́láìtì wá, wà, ó sì dára níbi tí igi ò ti bo ojú ọ̀run. Àmọ́ àwo rẹ̀ máa ń jẹ iná ju ráútà 4G lọ dáadáa, èyí tí kì í sábà ju wáàtì 10 lọ. Fún ọkọ̀ tó ń gba iná láti èbúté, kò sí wàhálà. Fún àwọn tí kò ní ibùdó, tí Canal & River Trust, àjọ tó ń bójú tó àwọn odò àtọwọ́dá náà, ní kí wọ́n ṣí lọ lẹ́yìn ọjọ́ 14, bátìrì ló máa jìyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń lu ihò fún wáyà, kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ ju ihò náà lọ kó tó padà gòkè wọlé. Omi òjò máa ń tẹ̀ lé wáyà. Bó bá dé ibi tó rọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò ti máa kán sílẹ̀, níta, kò ní dé orí ráútà.