Ẹ Yé Gbé Scottish Rite Lọ sí Scotland

Kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í wọlé bá mi nídìí àwọn ìwé àtijọ́ tí mò ń tọ́jú, kó ní kí n bá òun wá ìwé tí Ọba Sólómọ́nì fi dá ìpele 33 àwọn Freemason sílẹ̀. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run.

Scottish Rite ni wọ́n ń pe ètò ìpele 33 yìí, àmọ́ ilẹ̀ Faransé ló ti ṣẹ̀, kì í ṣe Scotland. Ramsay, ọmọ Scotland tó fi Paris ṣe ibùgbé, ló sọ ní 1736 pé àwọn jagunjagun onígbàgbọ́ tó lọ jà ní Jerúsálẹ́mù ni baba ńlá Freemason. Kò mú ẹ̀rí wá. Síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpele tuntun ń hù bí olú, tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ wọn ní ti Scotland. Étienne Morin, oníṣòwò, gba ìwé àṣẹ ní 1761 láti tan àwọn ìpele náà kálẹ̀, ó gbé ètò náà kọjá òkun lọ sí Saint-Domingue tí à ń pè ní Haiti lónìí, ilẹ̀ ìrèké tí àwọn Nàgó, ìyẹn Yorùbá, wà lára ẹrú tó ń ro ó. Francken, tí Morin yàn ní Jamaica, gbé e dé Albany ní Amẹ́ríkà ní 1767. Ìpele 25 ni nígbà náà. Charleston, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, ni wọ́n ti sọ ọ́ di 33, ní 1801. De Grasse-Tilly gbé e padà dé Paris ní 1804.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Òfin kan ni àwọn ará Charleston gbára lé, wọ́n ní Frederick, ọba Prussia, fọwọ́ sí i ní Berlin ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 1786. Àìsàn ti dá ọba náà wólẹ̀ ní ọdún yẹn. Oṣù Kẹjọ ló kú. Ẹ̀dà Faransé òfin ọ̀hún àti ẹ̀dà Látìnì kò sì bára mu. Òpìtàn tó mọṣẹ́ kò gbà pé ọba fọwọ́ kan án. Bébà, yíǹkì, èdìdì, ọwọ́ ta ni ìwé ti jáde: ohun tí àwa ń wò nìyẹn. Àwọn wòlíì orí YouTube kò wo ọ̀kan níbẹ̀. Àní wọ́n tún ń da Freemason pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Ògbóni Àtúnṣe, tí àlùfáà Áńgílíkà, Ogunbiyi, dá sílẹ̀ ní 1914!

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá, kí n bá òun wo ìwé ẹ̀rí ìpele 33 bóyá ojúlówó ni. Idì olórí méjì, àmì Scottish Rite, wà lórí rẹ̀, wúrà ń dán. Mo bi í pé lọ́ọ̀jì wo, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ Freemason wo, ló gbà á wọlé. Ó ní WhatsApp ni. Ó ti san owó fọ́ọ̀mù, ó ti san owó ètùtù, ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé: Albert Pike ló buwọ́ lù ú. Ọ̀gá Scottish Rite ní Amẹ́ríkà ni Pike lóòótọ́, àmọ́ 1891 ló kú.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n ṣì san èyí tó kù?"

Lọ́ọ̀jì kì í gba ènìyàn lórí fóònù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní láti rí ọ lójúkojú, kí wọ́n dìbò lé ọ lórí. Ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ gan-an, ibẹ̀ lo ti máa gbà á, kí Scottish Rite tó kàn ọ́; 33 kì í sì í ṣe ohun tí à ń ra fọ́ọ̀mù sí. Bí wọ́n bá ti gbowó lọ́wọ́ rẹ, gbé nọ́ńbà wọn àti rìsíìtì báǹkì lọ fún ọlọ́pàá. Má gbé e wá bá mi.