Buster (bàálù eré ìje)

Buster jẹ́ bàálù eré ìje oníjókòó kan ṣoṣo tí Sylvester "Steve" Wittman fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Chief Oshkosh ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tó jáde ní 1931. Ní 1947 ni wọ́n tún un tò, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Buster. Bàálù náà gba ife-ẹ̀yẹ Goodyear, ìdíje àwọn bàálù kékeré, ní ìlú Cleveland lẹ́ẹ̀mejì, ní 1947 àti 1949, kò sì fẹ̀yìn tì títí di 1954. Lónìí, ó wà lára àwọn bàálù tí National Air and Space Museum ti Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Amẹ́ríkà, kó jọ.

Ẹni tó kàn án

Wọ́n bí Wittman ní 1904 ní abúlé Byron, ní Wisconsin. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kan kò ti ríran dáadáa, èyí tó lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti wa bàálù rárá. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1920, nígbà tó sì di 1931, wọ́n fi í ṣe alábòójútó pápá ọkọ̀ òfurufú ìlú Oshkosh. Ipò yẹn ló wà títí di 1969. Kì í ṣe ẹni tó gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà. Ohun tó bá kàn lónìí ni yóò fò lọ́la, bó bá sì rí ibi tó kù sí, yóò tú u palẹ̀. Orúkọ olóyè àwọn Menominee, àwọn onílẹ̀ agbègbè náà láti ìpilẹ̀, ni ìlú Oshkosh ń jẹ́, òun náà ni Wittman sì fi sọ bàálù rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kàn án

Nítorí bàálù eré ìje kékeré kan tí Benny Howard, asáré bàálù mìíràn, pè ní Pete ni Wittman ṣe kan Chief Oshkosh. Pete ti fi hàn pé ẹ́ńjìnnì kékeré lè gba owó ńlá lórí pápá ìdíje bí ara bàálù bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó, Wittman kò sì fẹ́ kí ó jẹ gàba lórí òun.

Páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ ni egungun ara rẹ̀, aṣọ ni wọ́n sì fi bò ó. Igi ni wọ́n fi ṣe apá rẹ̀, àárín ìhà ni apá náà sì ti yọ, kì í ṣe orí tàbí abẹ́, wáyà sì ni ó dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Cirrus onísílíńdà mẹ́rin ló kọ́kọ́ wà ní iwájú. Ẹ́ńjìnnì Menasco rọ́pò rẹ̀ nígbà tó yá. Láàárín ọdún mélòó kan, Wittman gé apá bàálù náà kúrú. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àti láti ìparí àwọn ọdún 1930 lè rò pé bàálù méjì ni.

Ẹsẹ̀ onísìpíríǹgì

Ohun tó mú kí orúkọ Wittman tàn ré kọjá àwùjọ àwọn asáré ni ẹsẹ̀ tó ń ṣe sí àwọn bàálù rẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1930. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ bàálù kékeré máa ń jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pá, rọ́bà àti ṣọ́ọ̀kù, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gba atẹ́gùn sára nígbà tí bàálù bá ń fò. Wittman kó gbogbo rẹ̀ dànù. Irin pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìpíríǹgì ọkọ̀, ló tẹ̀ láti abẹ́ ara bàálù wá sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó sì fi táyà sí ìparí rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti rí lójú. Nígbà tí bàálù bá balẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á yà síta díẹ̀, bí ọrun ọdẹ tí wọ́n fà, táyà á sì fi ara ha ilẹ̀. Irin náà gba ìjàǹgbọ̀n ìbalẹ̀ sínú ara rẹ̀, ó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀. Kò sí òróró tó lè jò, kò sí rọ́bà tó lè gbó. Wittman gba ìwé àṣẹ ìjọba (patent) lórí ọgbọ́n náà, ilé iṣẹ́ Cessna, tó ń kan bàálù kékeré, sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ló wà lábẹ́ Cessna 120 àti 140 tó jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àti lábẹ́ àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ bàálù wíwà nínú Cessna ti balẹ̀ gbàgà lórí ọgbọ́n Wittman láìmọ orúkọ rẹ̀.

Òfin 1947 àti àtúntò

Chief Oshkosh sáré ní ìsọ̀rí àwọn ẹlẹ́ńjìnnì kékeré títí tó fi bàjẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1930, wọ́n sì gbé e pamọ́. Kò yẹ kí a ṣì í mú fún Bonzo, bàálù Wittman mìíràn tó tóbi jù ú lọ, tó sì ní ẹ́ńjìnnì Curtiss D-12 onísílíńdà 12. Bonzo ló ń ṣíwájú nínú ìdíje Thompson, eré àwọn bàálù ńlá, ti 1937 kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó yọ ọ́ lẹ́nu, tó fi parí sí ipò karùn-ún.

Lẹ́yìn ogun, bàálù ológun tí ìjọba ń tà ní owó pọ́ọ́kú gba pápá Cleveland. Ẹ́ńjìnnì wọn ju agbára ẹṣin 1,000 lọ dáadáa, ẹni tó ń kan bàálù lẹ́yìnkùlé kò sì lè bá wọn du nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Goodyear fi dá ìdíje mìíràn sílẹ̀ fún àwọn kékeré ní 1947. Òfin rẹ̀ ṣe pàtó: ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ju íǹṣì kúbíìkì 190 lọ, fífẹ̀ apá kò gbọdọ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 66, bàálù òfìfo kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju pọ́ùn 500 lọ, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ká sínú. Òfin nípa apá yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn, nítorí apá tó bá kéré jù ń mú bàálù balẹ̀ pẹ̀lú eré tó lè pa awakọ̀.

Wittman lọ gbé Chief Oshkosh jáde. Ó lo ara rẹ̀ àtijọ́, ó ṣe apá tuntun tó bá òfin mu, ó sì fi ẹ́ńjìnnì Continental C-85 sí i, èyí tí agbára rẹ̀ lórí ìwé jẹ́ ẹṣin 85. Ẹ́ńjìnnì yìí náà ló wà nínú Cessna 140. Bàálù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ́ iṣẹ́ àti bàálù tó ń gba ife-ẹ̀yẹ wá ní irú ẹ́ńjìnnì kan náà, ẹsẹ̀ wọn sì ti ọwọ́ ẹnì kan náà wá. Ara tẹ́ẹ́rẹ́ àti yíyí tí àwọn asáré ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà yí kọjá bí ilé iṣẹ́ ṣe sọ ni ìyàtọ̀.

Ìdíje Goodyear

Bill Brennand, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá Wittman ṣiṣẹ́ ní Oshkosh, ni wọ́n fi sórí ìjókòó. Ara rẹ̀ fúyẹ́, èyí kì í sì ṣe ohun kékeré nínú irú eré yìí. Yíyí òpó ni iṣẹ́ ibẹ̀: àwọn bàálù ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ yí ká àwọn òpó, apá òsì ni wọ́n sì ń yà sí nígbà gbogbo. Bí bàálù bá ti dẹ̀gbẹ́ láti yí òpó, ìwọ̀n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí kan ti awakọ̀.

Brennand gba ìdíje àkọ́kọ́ ní 1947 pẹ̀lú eré tó tó máìlì 166 ní wákàtí kan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Herman "Fish" Salmon, tó ń dán bàálù wò fún ilé iṣẹ́ Lockheed, gba ife náà nínú Minnow, bàálù tuntun onírin látòkè délẹ̀, pẹ̀lú máìlì 170. Ní 1949, Buster gbà á padà, máìlì 177 ní wákàtí kan. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn máa retí lọ́wọ́ bàálù aláṣọ tí egungun rẹ̀ ti pé ọdún 18.

Ọdún yẹn ni Cleveland dákẹ́. Nínú ìdíje Thompson ti àwọn bàálù ńlá, Bill Odom já lu ilé kan ní Berea. Òun, ìyá kan àti ọmọ kan ni wọ́n kú. Àwọn kékeré ń bá eré lọ ní ìlú mìíràn, Buster sì wà láàárín wọn títí di 1954.

Àwọn bàálù Wittman mìíràn

Wittman kan Little Bonzo fún ara rẹ̀ ní ìsọ̀rí kan náà. Tailwind, bàálù oníjókòó méjì tó jáde ní 1953, ni èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù, wọ́n sì ṣì ń fi ìwé àwòrán rẹ̀ kàn án nílé títí di òní. Ẹsẹ̀ Tailwind kì í ṣe irin pẹlẹbẹ mọ́. Ọ̀pá irin roboto tó ń tín-ín-rín lọ sí ìdí táyà ni. Wittman ṣì ń wa bàálù nígbà tó pé ẹni ọdún 91, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kú ní Alabama ní oṣù kẹrin 1995, nígbà tí aṣọ apá O&O Special, bàálù tó kàn fúnra rẹ̀, ṣí kúrò lójú òfurufú.